Dídí Ihò Ara Igi Kí Ó Tó Gba Pọ́líṣì

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àga àti tábìlì ni ó máa ń dán gbinrin ní ọjọ́ tí káfíńtà gbé wọn dé ilé ẹni tí ó ni wọ́n, ṣùgbọ́n kí oṣù méjì tó kọjá, ojú wọn a ti yí padà. Bí a bá bẹ̀rẹ̀, tí a sì wò wọ́n sí ìhà ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, a óò rí kòtò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó kún ojú pákó náà, bí ẹni pé a fi abẹ́rẹ́ họ ọ́. Èérí a máa kó sínú wọn, ọ̀rá oúnjẹ a máa wọ inú wọn, aṣọ ìnuǹkan kì í sì í lè kó o jáde. Onílé a ní káfíńtà ni ó fi pọ́líṣì du òun. Káfíńtà a sì tún fi pọ́líṣì mìíràn lé e, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá tún pẹ́ díẹ̀, kòtò náà a tún yọ. Bẹ́ẹ̀ ni owó ń ṣòfò, tí orúkọ oníṣẹ́ sì ń bàjẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé pọ́líṣì kò ṣẹ̀ ní tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a ṣe kí pọ́líṣì tó dé ni a fò. Iṣẹ́ náà ni dídí ihò ara igi, òun sì ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí.

OHUN TÍ IHÒ NÁÀ Í ṢE

Nígbà tí igi wà láàyè, gbòǹgbò rẹ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀, omi náà a sì máa gba inú ọ̀pá wẹ́wẹ́ gòkè lọ sí ibi tí ewé wà. Nígbà tí a bá gé igi náà, tí a là á sí pákó, tí ó sì gbẹ, àwọn ọ̀pá wọ̀nyí a di òfìfo. Ní orí gẹdú, níbi tí ayùn ti gé wọn ní ìbú, a lè rí wọn bí ihò róbótó. Ní ojú pákó, níbi tí ayùn ti là wọ́n ní gígùn, wọn a di kòtò kéékèèké tí ó ń tọ ìlà igi lọ. Nínú igi ìrókò, fífẹ̀ ọ̀pá kan tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà kan. Ojú lásán lè rí i, èékánná tí a bá sì fà kọjá lórí rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n lára.

Gbogbo igi kọ́ ni ó rí bákan náà. Ọ̀gànwó, ìrókò, àfàrà, apá àti arère jẹ́ igi tí ihò wọn tóbi, wọ́n sì ń fẹ́ kí a dí wọn kí ojú wọn tó lè tẹ́jú bí dígí. Igi dúdú ní ihò tí ó kéré púpọ̀, nítorí náà iṣẹ́ dídí rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ti igi páìnì, kò ní irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé ọ̀nà mìíràn tí ó kéré ju èyí lọ ni omi ń gbà nínú rẹ̀. Nínú àwọn igi olójú ńlá pàápàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. A máa ń bá òkúta funfun bí ẹfun pàdé nínú ìrókò nígbà mìíràn, a sì máa ba ẹnu irin ìfági jẹ́. Inú ihò igi apá a sì máa ní ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè, tí ó lè kó àwọ̀ bá aṣọ tí ó bá tutù lórí rẹ̀. Kí oníṣẹ́ kí ó mọ igi tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

ÌDÍ TÍ PỌ́LÍṢÌ NÌKAN KÒ FI LÈ DÍ I

Ṣẹ́láàkì, tí a fi ń ṣe pọ́líṣì, jẹ́ ohun kan bí oje gbígbẹ tí kòkòrò kékeré kan ń ṣe sára ẹ̀ka igi ní ilẹ̀ Íńdíà. Sípíríìtì ni a fi ń yọ́ ọ. Bí oníṣẹ́ bá yọ́ ṣẹ́láàkì 250 gíráàmù sínú sípíríìtì lítà 1, tí ó sì fi í kún inú ihò igi títí dé ẹnu, sípíríìtì náà yóò fò lọ nínú afẹ́fẹ́, ohun tí ó bá sì kù nínú ihò kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí a dà sí i. Nítorí náà ihò tí ó kún ní òwúrọ̀ a ti jìn ní ìrọ̀lẹ́. Bí a bá tún fi òmíràn lé e, bèbè ihò náà ń ga sí i bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń ga, kòtò a sì wà síbẹ̀. Bákan náà ni ó rí fún láákà tí a ń fi ẹ̀rọ fọ́n. Pẹ̀lúpẹ̀lù, pọ́líṣì kì í gbẹ tán ní ọjọ́ kan. A máa bá a lọ láti súnkì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, èyí ni ó sì fà á tí tábìlì tí ó tẹ́jú ní ọjọ́ tí a gbé e wọlé fi ń yọ kòtò lẹ́yìn náà. Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ojú igi tí a kò dí, tí a kàn fi pọ́líṣì bò, kò yàtọ̀ sí i.

Àwọn oníṣẹ́ àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Ní ọdún 1803, Thomas Sheraton, ọlọ́gbọ́n kan nínú iṣẹ́ àga àti àpótí ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé kan jáde tí ó ń jẹ́ The Cabinet Dictionary. Ó kọ sínú rẹ̀ pé a máa ń fi òróró ọ̀gbọ̀, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní línísíìdì, pa igi líle, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí igi náà bá sì rọ̀, ọjọ́ méjì tó. Lẹ́yìn èyí a ó kù ìyẹ̀fun bíríkì tí a ti sẹ́ kúnná sí i, a ó sì máa fi aṣọ ra á títí yóò fi di ohun kan bí amọ̀ lábẹ́ aṣọ, tí igi náà yóò sì gbóná. Bíríkì a máa lọ ojú igi, ohun tí ó bá sì lọ̀ kúrò, pẹ̀lú òróró àti bíríkì fúnra rẹ̀, ni aṣọ ń tì wọ inú ihò. Nígbà tí pọ́líṣì ṣẹ́láàkì ti ilẹ̀ Faransé gbilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún náà, òkúta fífúyẹ́ tí ó ń ti inú òkè oníná jáde ni a ń lọ̀ kúnná láti ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ohun èlò ń yí padà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò yí padà: ohun tí kì í súnkì ni kí ó kún inú ihò, kí pọ́líṣì kí ó sì wá bò ó.

OHUN TÍ A FI Ń DÍ I

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀, oníṣẹ́ sì lè yan èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Èkíní ni ìyẹ̀ igi náà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà yìí kò gba owó púpọ̀, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa bá ti igi mu. A ó fi ṣẹ́láàkì tàbí fáníìṣì pa ojú igi. Nígbà tí ó bá gbẹ, a ó tún fi díẹ̀ pa á, a ó sì fi sáńpépà kíkúnná ra á nígbà tí ó ṣì tutù, títí ìyẹ̀ àti fáníìṣì yóò fi pò pọ̀, tí wọn yóò sì wọ inú ihò. Ó ń fẹ́ sùúrù, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó ṣe é.

Èkejì ni ìdíhò olóròóró. Ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì tí a sẹ́ kúnná ni a ó pò mọ́ òróró ọ̀gbọ̀ sísè, a ó fi tọpẹntáìnì là á, a ó sì fi fáníìṣì díẹ̀ sí i kí ó lè dì mú. Kí ó ki bí ẹ̀kọ mímu. Lẹ́yìn náà ni a ó fi àwọ̀ tí a ṣe láti inú ilẹ̀ sí i, pupa fún ọ̀gànwó, pupa rúsúrúsú fún ìrókò. Kí àwọ̀ ìdíhò kí ó dúdú díẹ̀ ju ti igi lọ. Ọ̀gànwó a máa ṣókùnkùn sí i bí ọdún ti ń yí lu ọdún. Bí ìdíhò bá mọ́ ju igi lọ, gbogbo ojú tábìlì yóò dà bí ẹni pé a bu ẹfun wọ́n ọn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ń tà nínú agolo ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta ọ̀dà. Ó dára, bí oníṣẹ́ bá tẹ̀lé ohun tí a kọ sára agolo, tí ó sì rí i dájú pé ó bá pọ́líṣì tí yóò gbẹ̀yìn mu.

Ohun méjì ni kí a sá fún. Àwọn kan a máa po ìyẹ̀ ayùn mọ́ gọ́ọ̀mù funfun, wọn a sì fi pa gbogbo ojú pákó. Èyí tọ́ fún ibi tí igi ti là, tàbí ibi tí orí ìṣó wà, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí ó bá wà lójú pákó kì í jẹ́ kí igi fa àwọ̀, àbàwọ́n funfun ni yóò sì kù níbẹ̀. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyẹ̀fun òjé sínú ìdíhò, ìbáà ṣe funfun, ìbáà ṣe pupa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ìgbà àtijọ́ lò ó. Májèlé ni, ó sì burú jù lọ fún ọmọdé.

BÍ A TI Ń ṢE É

1. Kí a fi irin ìfági mímú fá ojú pákó, kí a sì fi sáńpépà ra á ní gígùn ìlà igi, láti orí nọ́ḿbà 120 dé 180, kí a sì parí rẹ̀ pẹ̀lú 220. Kí sáńpépà tó dé, ewé eèpín ni àwọn agbẹ́gilére fi ń dán ojú iṣẹ́ wọn. Ó sì wúlò síbẹ̀ fún ara ère àti igun tí bébà kò lè wọ̀.

2. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbá inú ihò mọ́. Ihò tí ó bá ti kún fún eruku kò ní àyè tí yóò fi gba ìdíhò.

3. Kí a la ṣẹ́láàkì pẹ̀lú sípíríìtì tí ó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, kí a sì fi pa igi náà ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Èyí kì í jẹ́ kí àwọ̀ ìdíhò wọ ibi tí kò sí ihò, ó sì ń mú kí ó rọrùn láti nù ún kúrò.

4. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì kó ìdíhò sí ojú igi, kí a sì fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìbú ìlà igi, kì í ṣe ní gígùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tì í ní gígùn, bí ó ti ń kó o wọlé lápá kan ni ó ń kó o jáde lápá kejì. Kí a mú ojú pákó díẹ̀díẹ̀, kí ó má ba à gbẹ mọ́ni lọ́wọ́.

5. Kí a dúró títí dídán tútù ojú rẹ̀ yóò fi ṣá. Èyí lè tó ìṣẹ́jú 10 tàbí 20. Nígbà náà ni kí a fi àpò ìdọ̀họ nù ún kúrò ní ìbú ìlà igi, kí ó máa kù nínú ihò nìkan. Bí a bá yára jù, aṣọ yóò fà á yọ. Bí a bá pẹ́ jù, yóò le. Èyí tí ó bá le, kí a fi aṣọ tí ó ní tọpẹntáìnì díẹ̀ rọ̀ ọ́.

6. Kí a jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ méjì ó kéré jù, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ojú ọjọ́ bá tutù. Sáńpépà ni a fi ń dán an wò: bí ohun tí ó ń bọ́ bá jẹ́ ìyẹ̀fun gbígbẹ, ó ti tó, bí ó bá ń ká jọ bí ìdọ̀tí ara tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ bébà, kò tíì gbẹ. Ẹni tí ó bá fi pọ́líṣì bo ìdíhò tútù ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́, nítorí pé yóò súnkì lábẹ́ pọ́líṣì bí ọ̀ràn àkọ́kọ́.

7. Kí a wé sáńpépà nọ́ḿbà 320 mọ́ igi pẹlẹbẹ, kí a sì fi ra ojú pákó jẹ́jẹ́. Kí a wá gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí a sì wò ó. Ìrókò a máa fẹ́ kí a dí i ní ẹ̀ẹ̀kejì. Nígbà tí a kò bá rí kòtò mọ́ ni pọ́líṣì tó kàn, èyí tí a ó fi sí i ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

ÀKÓKÒ ỌDÚN

Láti inú oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, ìdíhò àti pọ́líṣì a máa yára gbẹ. Ṣùgbọ́n eruku pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, a sì máa bà lé pọ́líṣì tútù; kí a fi omi wọ́n ilẹ̀ ilé iṣẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì ti fèrèsé ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Pákó tí kò gbẹ dénú a máa súnkì, a sì máa là ní àkókò yìí, nítorí náà kí a má ṣe dí igi tútù. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, àti nínú òjò oṣù Kẹsàn-án, ìṣòro mìíràn ni ó wà. Bí sípíríìtì ti ń fò lọ, ó ń mú ojú igi tutù. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a sì sẹ̀ sí i bí ìrì, pọ́líṣì a sì funfun bí ìkúùkù. Kí a má ṣe pa pọ́líṣì nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ó bá ṣú dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, ni ó dára jù lọ.

ÌLERA ONÍṢẸ́

Eruku igi kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré. Eruku ìrókò a máa mú kí ara yún àwọn kan, a sì máa fún àwọn mìíràn ní ikọ́ àti èémí kúkúrú. Ní ọdún 1995, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, tí ó fi ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ṣe ibùjókòó, ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa àrùn náà, pàápàá nínú imú àti àwọn ihò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Eruku bíríkì pẹ̀lú ní ohun kan tí ó jẹ́ ti yanrìn, tí ó bá sì pẹ́ tí a ti ń fà á símú, ẹ̀dọ̀fóró a le, kò sì sí oògùn tí ó lè dá a padà sí ipò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lo bíríkì bí ti àtijọ́, kí ó lò ó pẹ̀lú òróró nígbà gbogbo, kí ó má ṣe rà á ní gbígbẹ, kí ó sì ṣọ́ra nígbà tí ó bá ń lọ̀ ọ́ tí ó sì ń sẹ́ ẹ. Kí gbogbo oníṣẹ́ kí ó máa lo ìbòmú tí a ṣe fún eruku. Aṣọ tí a kàn so mọ́ imú kò tó. Kí ó ṣiṣẹ́ ní gbangba, kí ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ó wọ́n omi sílẹ̀ kí ó tó gbálẹ̀, kí ó sì fọ ọwọ́ àti ojú kí ó tó jẹun. Kí ọmọ kékeré má ṣe sùn sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń ra igi.

Iná ni ewu kejì. Bí òróró ọ̀gbọ̀ ti ń gbẹ, ó ń mú ooru jáde. Aṣọ tí a fi nù ún, bí a bá ká a jọ tí a sì jù ú sí igun ilé, ooru rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, ó sì lè gbaná fúnra rẹ̀ ní òru, láìsí ẹni tí ó ṣá ìṣáná sí i. Kí a tẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbẹ gan-an, tàbí kí a rì í sínú omi nínú agolo irin tí ó ní ìdérí. Kí fìtílà má ṣe súnmọ́ ibi tí sípíríìtì wà, kí a má sì ṣe tọ́jú sípíríìtì sínú ìgò ọtí tàbí ti omi mímu, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣèèṣì mu ún lè fọ́ lójú tàbí kí ó kú.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A DÍ

Odó, ọmọ odó, orógùn, àwo igi àti ohunkóhun tí oúnjẹ ń kàn kò fẹ́ ìdíhò tàbí àwọ̀. Omi gbígbóná àti fífọ̀ déédéé tó fún wọn. Ìjókòó tí ó ń gbé inú oòrùn àti òjò kò fẹ́ ẹ pẹ̀lú, nítorí pé igi ibẹ̀ ń wú, ó ń súnkì, yóò sì tì í jáde. Tábìlì oúnjẹ, tábìlì ilé ìwé, àga inú ìjọ, ìlẹ̀kùn inú ilé àti tábìlì tí nọ́ọ̀sì ń gbé oògùn lé ni ó yẹ fún, nítorí pé ojú tí kò ní kòtò rọrùn láti nù mọ́.

Iṣẹ́ yìí lè fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún àkókò tí tábìlì kan ń gbà. Kí káfíńtà kí ó sọ èyí fún ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un kí wọ́n tó dá iye owó, kí ó sì kà á mọ́ iye náà. Kí ẹni tí ó ni iṣẹ́ má sì ṣe máa ránṣẹ́ sí i lójoojúmọ́ pé kò tíì parí. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá a ṣe é dáadáa, kí ó lọ kí ó tó di pé pọ́líṣì dé orí igi, kí ó gbé pákó náà dàgẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀, kí ó sì fi èékánná fà á kọjá ní ìbú ìlà rẹ̀. Bí èékánná kò bá kọ́ nǹkan kan, kí ó ní kí iṣẹ́ máa lọ.